Afẹ́fẹ́ Tó Ń Jò Sínú Ògiri: Àlàyé Lórí Títún Ọ̀pá Afẹ́fẹ́ Ilé Àtijọ́ Ṣe

Àwọn tó ń gbé ilé àtijọ́ nínú ìlú ńlá ní ilẹ̀ bíi Amẹ́ríkà mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, owó iná ń gòkè, síbẹ̀ yàrá tó wà lókè pátápátá kì í gbóná nígbà òtútù, kì í sì í tutù nígbà ooru. Wọ́n á wá pe oníṣẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ á ní ẹ̀rọ ti gbó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnì kejì á ní ìdọ̀tí ló kún inú ọ̀pá, kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ̀ ọ́. Ẹnì kẹta á ní ọ̀pá ló ń jò, dídí ló yẹ kí wọ́n dí i. Onílé á dúró sí àárín, kò ní mọ ti ẹni tí òun máa gbà, torí pé inú ògiri àti òkè àjà, níbi tí ojú kò tó, ni ohun tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Pípààrọ̀, fífọ̀ àti dídí kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì sí èyí tó lè rọ́pò èkejì. Nínú ilé tó ti pẹ́, èrò tèmi ni pé ẹni tó dárúkọ dídí ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀, màá sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn jù.

## Kí ni ọ̀pá afẹ́fẹ́?

Ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù tàbí amúlégbóná ńlá kan ṣoṣo fún gbogbo yàrá gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa gbé afẹ́fẹ́ láti ìdí ẹ̀rọ lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ohun náà la ń pè ní ọ̀pá afẹ́fẹ́ níbí. Duct ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Páànù ni wọ́n sábà fi ń ṣe é: òmíràn rí róbótó, òmíràn ní igun mẹ́rin. Ẹ tún lè rí èyí tó rọ̀, tó ṣeé tẹ̀, tí wọ́n fi wáyà àti ọ̀rá ṣe, tí wọ́n sì fi òwú adènà-ooru wé lára.

Oríṣi méjì ni ọ̀pá wọ̀nyí, ẹni tó bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn ti lóye ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pá àlọ ni èyí tó ń gbé afẹ́fẹ́ tó ti gbóná tàbí tó ti tutù láti ìdí ẹ̀rọ lọ sínú yàrá. Ọ̀pá àbọ̀ ni èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá padà wá sídìí ẹ̀rọ kí wọ́n lè tún un mú gbóná tàbí kí wọ́n tún un mú tutù. Láàárín méjèèjì ni fáànù ńlá inú ẹ̀rọ wà, tó ń fà lápá kan, tó ń tì lápá kejì. Asẹ́ tó ń gba eruku dúró sì wà ní ẹnu ibi tí ọ̀pá àbọ̀ ti wọ inú ẹ̀rọ.

Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ kan náà ló yẹ kó máa yí po nínú ilé. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá rí ọ̀nà míì gbà jáde, tàbí tí afẹ́fẹ́ àjèjì rí ọ̀nà wọlé, la ń sọ pé ọ̀pá ń jò.

## Kí ló dé tó jẹ́ pé ilé àtijọ́ ló ń yọ lẹ́nu jù?

Ọ̀pá afẹ́fẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan gígùn. Ègé kéékèèké ni wọ́n ń kì bọ inú ara wọn, gbogbo ibi tí ègé méjì ti pàdé sì jẹ́ oríkèé. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kàn ń kì í bọ ara ni, wọn kì í fi ohunkóhun dí i. Páànù tó bá gbóná a máa ràn, tó bá tutù a máa sún kì. Kí èyí máa ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún, kí fáànù sì máa gbọ̀n ọ́n, oríkèé á tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ti àwọn tó wá tún ilé ṣe kún un, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀pá lókè àjà, tàbí tí wọ́n ti ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè rí ọ̀nà fún wáyà iná.

Ìdí kan tún wà tí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀. Èédú ni wọ́n fi ń mú púpọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún gbóná, láti inú ààrò ńlá kan tó wà nínú yàrá abẹ́ ilé. Ààrò náà kò ní fáànù rárá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń fúyẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń gòkè gba inú àwọn ọ̀pá fífẹ̀ lọ sí yàrá. Kò sí ohun tó ń tì í, nítorí náà oríkèé tó tú díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan bàbàrà. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ààrò kúrò, wọ́n gbé ẹ̀rọ onífáànù síbẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ àwọn ọ̀pá àtijọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni fáànù ti ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ gba oríkèé tí wọn kò ṣe fún irú ipá bẹ́ẹ̀.

Èyí tó burú jù, lójú tèmi, ni ọ̀pá àbọ̀ tí kì í ṣe ọ̀pá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, kí wọ́n má bàa ná owó páànù púpọ̀, àlàfo tó wà láàárín igi méjì tó gbé ilẹ̀pákó dúró ni wọ́n lò: wọ́n kan páànù pẹlẹbẹ kan mọ́ ìsàlẹ̀ igi náà, ó di ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ibòmíràn, àlàfo inú ògiri ni wọ́n lò bẹ́ẹ̀. Igi máa ń gbẹ, ó sì máa ń sún kì. Páànù náà á ṣí díẹ̀ lára igi, ihò tí wáyà àti páìpù omi gbà kọjá á wà níbẹ̀ láìdí, fáànù á sì máa fa afẹ́fẹ́ láti ibikíbi tó bá ti rí i. Nínú àwọn ilé kan tó fara ti ara wọn lójú pópó, àlàfo inú ògiri lè so pọ̀ mọ́ àlàfo abẹ́ òrùlé tó ti ilé kan dé òmíràn.

Àwọn ilé míì wà tí kò ní ọ̀pá afẹ́fẹ́ rí, tó jẹ́ pé omi gbígbóná inú irin ni wọ́n fi ń mú un gbóná. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ amúlétutù, wọ́n fún ọ̀pá mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù àti òkè àjà tóóró, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kúùtẹ̀. Ibi tí ọwọ́ oníṣẹ́ kò ti dé dáadáa lọ́jọ́ tó ń so ó, ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí ibi tó ń jò.

## Ṣé jíjò náà pọ̀ tó ohun tí à ń pariwo lé lórí?

Ó pọ̀. ENERGY STAR, ètò ìjọba Amẹ́ríkà lórí bí a kò ṣe ní máa fi agbára iná ṣòfò, sọ pé nínú ilé tó wọ́pọ̀, nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ọ̀pá kọjá ló ń ṣòfò nítorí ihò, oríkèé tó tú àti ọ̀pá tí wọn kò so dáadáa. Ẹ ti sanwó lórí afẹ́fẹ́ yẹn, ẹ ti mú un gbóná tàbí kí ẹ ti mú un tutù, òkè àjà tí ẹnikẹ́ni kì í sùn ló lọ.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó so rọ́bà gígùn mọ́ ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa omi, tó fẹ́ fi bomi rin ọgbà tó wà lẹ́yìnkùlé. Bí rọ́bà náà bá ti lu lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ á máa fa omi, iná á máa jó, ilẹ̀ ìta á máa mu, àmọ́ ewéko tó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà á máa rọ. Bí a bá tún wá gbé ẹ̀rọ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀, ńṣe ni omi á máa tú jáde níbi tó lu sí i. Bí yàrá òkè pátápátá ṣe ń jìyà nìyẹn.

Òfò owó nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Bí ọ̀pá àlọ bá ń jò sí òkè àjà, afẹ́fẹ́ tó jáde kúrò nínú ilé ju èyí tó wọlé lọ. Ilé kì í sì í ṣófo: afẹ́fẹ́ ìta ló máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn, etí fèrèsé àti gbogbo ojú ihò wọlé láti dí àyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń sọ pé ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ gan-an ni atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lu àwọn lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Bó bá jẹ́ ọ̀pá àbọ̀ ló ń jò, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà míì yọ. Ọ̀pá àbọ̀ ń fà ni, kì í tì, nítorí náà ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ló máa fà mọ́ra: eruku òkè àjà, ọ̀rinrin abẹ́ ilé, òórùn kẹ́míkà àti epo láti inú gáréèjì. Òkè àjà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbóná ju ìta gbangba lọ. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá wá ń fa irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ihò náà bá sì wà láàárín asẹ́ àti fáànù, eruku tó gba ibẹ̀ wọlé kò gba inú asẹ́ kọjá rárá. Ẹni tó ń pààrọ̀ asẹ́ lóṣooṣù, tí eruku kò sì yé bà lé àga, ibẹ̀ ni kó wò.

Ewu gidi tún wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀rọ amómigbóná tó ń lo gáàsì wà nínú yàrá abẹ́ ilé kan náà tí ọ̀pá àbọ̀ gbà kọjá. Èéfín rẹ̀ ń gba ihò èéfín gòkè nítorí pé ó gbóná, ó sì fúyẹ́. Bí ọ̀pá àbọ̀ tó ń jò bá ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá abẹ́ ilé náà pẹ̀lú agbára, ó lè fa èéfín yẹn padà sísàlẹ̀, kó sì pín in káàkiri yàrá. Carbon monoxide lè wà nínú èéfín náà. Gáàsì yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn.

## Ṣé fífọ̀ kò lè yanjú rẹ̀?

Rárá. Fífọ̀ ń mú eruku kúrò nínú ọ̀pá, kò dí ihò kankan. Àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, ti sọ ọ́ kedere pé kò tíì sí ẹ̀rí pé fífọ ọ̀pá afẹ́fẹ́ ń dènà àìsàn. Ohun tí wọ́n ní ó lè mú un pọn dandan ni kí èébu (mold) hù nínú ọ̀pá débi tí a ti fojú rí i, kí eku tàbí kòkòrò ti sọ ibẹ̀ di ilé, tàbí kí ìdọ̀tí ti dí i débi pé eruku ń tú wọ yàrá. Bí ọ̀pá àbọ̀ yín bá ń fa eruku òkè àjà, tí ẹ sì fọ̀ ọ́ lónìí láìdí i, eruku tuntun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kí oníṣẹ́ tó dé ilé rẹ̀.

Ẹ̀rọ tuntun ńkọ́? Bí ti tẹ́lẹ̀ bá ti kú, kò sí ohun tí a lè ṣe, a óò rà á. Ṣùgbọ́n kí a dí ọ̀pá ṣáájú kí a tó wọn irú èyí tí ilé nílò. Ẹ̀rọ tí a yàn fún ilé tí ọ̀pá rẹ̀ ń jò sábà máa ń tóbi ju èyí tí ilé náà nílò lẹ́yìn tí a bá dí i.

Àṣà kan tún wà tó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀: kí a máa pa ojú afẹ́fẹ́, ìyẹn ibi tí ọ̀pá ti yọjú sínú yàrá, dé nínú yàrá tí a kò lò nítorí owó iná. Fáànù kò mọ̀ pé a ti pa á dé. Iye kan náà ló ń gbìyànjú láti tì, ipá inú ọ̀pá á wá pọ̀ sí i, oríkèé tó ń jò á sì máa jò jù ti tẹ́lẹ̀.

## Báwo la ṣe ń mọ ibi tó ń jò?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú àti ọwọ́. Ẹ tan fáànù, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ lọ sí ibi tí ọ̀pá ti hàn síta, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé tàbí òkè àjà. Ẹ fi omi ra ẹ̀yìn ọwọ́, kí ẹ gbé e sún mọ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan. Awọ tó tutù tètè ń mọ̀ ọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ níbẹ̀. Tùràrí tí ẹ tanná sí náà dára, níbi tí kò ti sí ohun tó lè gbiná: ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá àlọ, èéfín á tú ká, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá àbọ̀, ẹ ó rí i tí èéfín ń wọ́ wọ inú àlàfo.

Àwọn àmì kan wà tí kò nílò èéfín. Bí òwú adènà-ooru tí wọ́n wé mọ́ ọ̀pá bá dúdú lójú kan, tí ìyókù sì mọ́, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ti ń gba ibẹ̀ kọjá fún ìgbà pípẹ́, tí òwú sì ń sẹ́ eruku inú rẹ̀. Ìlà eruku lára páànù níbi oríkèé ń sọ ohun kan náà. Ibi tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni ibi tí ọ̀pá ti pàdé ilẹ̀pákó tàbí ògiri yàrá. Ẹ tú irin tó bo ojú afẹ́fẹ́, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ilé àtijọ́, kì í ṣọ̀wọ́n kí ìka méjì lè wọ àlàfo tó wà láàárín páànù àti ògiri.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú yóò pe oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ìdánwò. Wọ́n á fi ọ̀rá alátè bo gbogbo ojú afẹ́fẹ́ inú ilé, wọ́n á so fáànù kan tí wọ́n ti wọn agbára rẹ̀ mọ́ ọ̀pá, wọ́n á sì ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ títí ipá ibẹ̀ yóò fi dé Pascal 25 (Pascal ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ipá afẹ́fẹ́). Bí ọ̀pá bá dì pa, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló máa gbà kó tó dé ibẹ̀. Bó bá ń jò, fáànù á máa tì láìdúró, iye tó ń tì yẹn gan-an sì ni iye tó ń jò. Ìlànà ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé kò fẹ́ kí ọ̀pá ilé tuntun jò ju ẹsẹ̀ oníhà-mẹ́ta 4 ní ìṣẹ́jú kan lọ fún gbogbo 100 ẹsẹ̀ oníhà-mẹ́rin ilẹ̀ ilé. Ilé àtijọ́ kì í sábà dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ bí ẹ ti jìnnà sí i tó. Ẹ gba nọ́ńbà yìí sílẹ̀ ṣáájú iṣẹ́, kí ẹ tún gbà á lẹ́yìn iṣẹ́. Oníṣẹ́ tí kò bá fẹ́ ṣe ìdánwò ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ fún un.

## Kí la fi ń dí i?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé duct tape ni, torí orúkọ rẹ̀. Òun gan-an ni kò yẹ. Ní 1998, Max Sherman àti Iain Walker, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní Kalifóníà, gbé oríṣiríṣi ohun tí wọ́n fi ń dí ọ̀pá sí abẹ́ ìdánwò, pẹ̀lú ooru àti ipá bíi ti inú ọ̀pá gidi. Tépù aláṣọ tí gbogbo ayé ń pè ní duct tape ló kùnà níbẹ̀. Ooru ń mú kí àtè ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, á sì ṣí. Bí ẹ bá rí tépù eléérú tó ń fì lẹ́lẹ́ lára ọ̀pá yín, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn.

Ohun méjì ló dára. Èkíní ni mástíìkì, gọ́ọ̀mù kíki tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, tó máa ń rọ̀ díẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ, kó lè bá páànù ràn kó sì bá a sún kì. Èkejì ni tépù alumíníọ̀mù tó ní àmì UL 181 lára, ìyẹn àmì pé wọ́n ti dán an wò fún ọ̀pá afẹ́fẹ́. Bí kò bá ní àmì yẹn, ẹ fi sílẹ̀ lórí igbá.

Bí wọ́n ṣe ń fi mástíìkì dí oríkèé kan rèé, torí pé ibi ìpalẹ̀mọ́ ni iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Ẹ bó tépù àtijọ́ kúrò, ẹ gbá eruku, kí ẹ fi aṣọ tútù nu ojú páànù, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ, torí mástíìkì tí a kùn lé eruku, eruku ló máa dì mọ́. Ẹ mi oríkèé náà wò. Bó bá ń mì, gọ́ọ̀mù nìkan kò lè gbé e ró: ẹ fi sìkúrù mẹ́ta ó kéré tán dè é yí po kó tó kan kíkùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kùn ún kó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 2, kó bo oríkèé, kó sì kọjá rẹ̀ díẹ̀ lápá méjèèjì, títí kan orí sìkúrù. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn ọ̀pá tí ojú kò rí, ibẹ̀ ló máa ń yọ wá lẹ́nu jù. Bí àlàfo bá fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, ẹ kọ́kọ́ na tépù alápapọ̀ tó rí bí àwọ̀n lé e, kí ẹ wá tẹ mástíìkì wọ ojú àwọ̀n náà títí kò fi ní hàn mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ bí ìwé ara ike rẹ̀ ṣe sọ, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Ẹ má ṣe kùn mástíìkì sí ilẹ̀kùn asẹ́ tàbí páálí tí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí láti tún ẹ̀rọ ṣe. Tépù alumíníọ̀mù ni ti ibẹ̀.

Ọ̀pá tó rọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Awọ méjì ló ní: ti inú tó ń gbé afẹ́fẹ́, ti ìta tó bo òwú. Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi tépù lẹ awọ ìta nìkan mọ́ páànù, kí ti inú sì wà ní títú. Awọ inú ni kí ẹ kọ́kọ́ fà wọ ẹnu páànù, kí ẹ fi okùn ọ̀rá fún un, kí ẹ fi mástíìkì dí i, kí ẹ tó fa òwú àti awọ ìta bò ó.

## Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?

Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀pá tó ti já pátápátá. Ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ lè máa fi afẹ́fẹ́ ṣòfò ju gbogbo oríkèé ìyókù lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ, níbi àpótí páànù ńlá tí ọ̀pá gbogbo ti so mọ́ ọn, torí ibẹ̀ ni ipá fáànù ti pọ̀ jù. Ọ̀pá àbọ̀ tó wà ní ìtòsí ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì tàbí tó gba gáréèjì kọjá ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀pá òkè àjà. Ọ̀pá tó gba inú yàrá tí ẹ ń gbé kọjá lè dúró de ìgbẹ̀yìn, nítorí pé ohun tó bá jò níbẹ̀ ṣì wà nínú ilé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo ohun tí wọ́n wé mọ́ ọ̀pá. Nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú nǹkan bí ọdún 1980, bébà tàbí aṣọ funfun tó ti di eléérú, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ oríkèé tàbí tí wọ́n fi wé gbogbo ara ọ̀pá, lè ní asbestos nínú, ìyẹn òwú inú òkúta tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́ láti dènà ooru. Òwú asbestos kéékèèké tí ojú kò lè rí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Bí kò bá ya, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án, kì í sábà ṣe ohunkóhun. Yíya, fífọ́ àti gbígbá ló ń tú u sínú afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ agbálẹ̀ inú ilé sì máa ń fọ́n ọn ká sí i ni. Ẹ má ṣe bó o, ẹ má ṣe gbá a. Ẹ pe ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Wáyà iná àtijọ́ tí wọ́n fi orí bọ́tìnnì tánganran gbé kọjá láàárín igi ilẹ̀pákó náà ń bẹ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Bí ẹ bá bá a nínú àlàfo tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá àbọ̀, ẹ dúró, kí oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ wò ó.

## Ọ̀pá tó wà nínú ògiri ńkọ́?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fọ́ ògiri. Ìdáhùn kan jáde láti ilé ìwádìí Lawrence Berkeley kan náà ní àwọn ọdún 1990, lábẹ́ Mark Modera, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Aeroseal ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí lọ́jà. Wọ́n á bo gbogbo ojú afẹ́fẹ́, wọ́n á ya ẹ̀rọ sọ́tọ̀, wọ́n á wá fẹ́ gọ́ọ̀mù tó lẹ́bú bí ìkùukùu wọ inú ọ̀pá. Nítorí pé ojú afẹ́fẹ́ ti dí, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún afẹ́fẹ́ láti jáde ni ihò tó ń jò. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré yí síbẹ̀, gọ́ọ̀mù tó gbé dání kò lè bá a yí, á lẹ̀ mọ́ etí ihò. Èyí tó ń bọ̀ á lẹ̀ mọ́ ti iwájú, títí ihò á fi dí. Kọ̀ǹpútà ń ka iye tó ń jò ní gbogbo àsìkò náà, onílé lè dúró kó máa wò ó bó ṣe ń lọ sílẹ̀.

Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ihò tó fẹ̀ dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ ló lè dí. Ọ̀pá tó já, páànù tó ti dípẹtà lu, àlàfo gbẹndu lẹ́bàá ẹ̀rọ, ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe. Ní ti àlàfo igi tí wọ́n sọ di ọ̀pá àbọ̀, bí ẹ bá ti ń tún ilé ṣe tí ilẹ̀pákó sì wà ní ṣíṣí, èmi á ní kí ẹ fi ọ̀pá páànù gidi rọ́pò rẹ̀.

## Lẹ́yìn tí a bá ti dí i

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wé òwú adènà-ooru mọ́ ọ̀pá tó wà lókè àjà tàbí abẹ́ ilé. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wé e, ẹ ti bo ihò mọ́lẹ̀ láìdí i. Níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀, ọ̀pá tútù tí kò ní òwú lára máa ń làágùn nígbà ooru, omi á máa kán sórí àjà.

Ẹ tún asẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí eruku tó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀ lè wá máa gba inú rẹ̀. Kí oníṣẹ́ sì wọn afẹ́fẹ́ tó ń dé yàrá kọ̀ọ̀kan, torí pínpín rẹ̀ ti yí padà.

Bí ẹ̀rọ kankan tó ń lo gáàsì tàbí epo bá wà nínú ilé, ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ lọ láìyẹ èéfín rẹ̀ wò. Kí wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí wọ́n tan fáànù ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ, kí wọ́n wá wò ó bóyá èéfín amómigbóná ṣì ń gòkè. Ilé tó ti dì pa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lè yí bí èéfín ṣe ń rìn padà. Kí ẹ̀rọ tó ń ké bí carbon monoxide bá wọlé sì wà ní ìpele ilé kọ̀ọ̀kan àti lẹ́bàá yàrá tí ẹ ń sùn, kí bátìrì rẹ̀ sì wà láàyè.